Ọ̀sẹ̀ kan ní Singapore, gelato ni mo ń wá kiri

Sátidé

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo gúnlẹ̀ sí Changi, pápákọ̀ òfuurufú wọn, Lagos ṣì wà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà yẹn torí wákàtí méje ni wọ́n fi ṣíwájú wa, ojú mi wúwo, ẹsẹ̀ mi ti wú nínú bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ ló wá pàdé mi. A dì mọ́ra, a pariwo díẹ̀, àwọn èèyàn wò wá, a dákẹ́. Bí a ṣe yọ síta báyìí tí ooru yẹn gbá mi lójú, mo ní "Sista mi, Òṣòdì rèé o!" Ooru kan náà ni, èyí tó máa ń lẹ aṣọ mọ́ èèyàn lẹ́yìn, àfi pé níbí kò sí kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo kí o mú ṣéńjì ẹ dání.

Inú takisí ni wọ́n ti bi mí pé kí ni mo fẹ́ rí, ṣé Marina Bay ni àbí ọgbà ẹranko. Mo ní gelato ni mo fẹ́ jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi yí ọrùn padà, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Áísìkiriìmù? Ìwọ wọ bàálù láti Ìkẹjà wá síbí torí áísìkiriìmù?"

Mo ní ẹ má bínú mà, gelato kì í ṣe áísìkiriìmù. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́.

Kí ẹ tó bá wọn dá sí i, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ara mi. Ọdún méjì ni mo fi ka ìwé ní Bologna, ní Ítálì, ìlú yẹn kún fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní portico, èèyàn lè rìn lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan nínú òjò kí òjò má kàn án, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ gelato jíjẹ, ní alaalẹ́, owó oúnjẹ gan-an ni mo fi ń rà á. Ìtòsí ìlú náà, ní Anzola, ni ilé iṣẹ́ Carpigiani tó ń ṣe ẹ̀rọ gelato wà, wọ́n sì ní mùsíọ́mù gelato níbẹ̀ láti 2012. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta! Látìgbà tí mo ti padà sílé ó ti di àìsàn sí mi lára, ìlú tí mo bá wọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn.

Woodlands ni wọ́n ń gbé, lápá àríwá pátápátá, torí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Béèyàn bá dúró létí omi níbẹ̀ yóò máa wo Malaysia lódì kejì. Mi ò wo nǹkan kan lálẹ́ yìí, mo jẹ ìrẹsì, mo sùn bí òkú.

Sọ́ńdè

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì a lọ sí Orchard Road. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá jẹ́ gelato ni, ó wà nínú mọ́ọ̀lù kan nísàlẹ̀ ilẹ̀, pé òun ti ń rí i tipẹ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n kun ara ògiri ní àwọ̀ fúláàgì Ítálì, wọ́n so àwòrán alùpùpù Vespa kọ́, gelato sì wà nínú gíláàsì, wọ́n wa á jọ bí òkè, òkè gidi, pẹ̀lú odindi stróbẹ́rì lórí rẹ̀. Látòkèèrè ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ já.

Ẹ wò ó, gelato tó jẹ́ gelato kì í lè dúró bí òkè. Kò tutù tó áísìkiriìmù, nǹkan bíi dígírì -12 sí -14 ni wọ́n ń gbé e sí nígbà tí áísìkiriìmù wà ní -18, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń rọ̀, tó máa ń fà díẹ̀ bí wọ́n bá ń fi pẹlẹbẹ irin bù ú. Bí ẹ bá rí i tó ga fíofío tí kò wó, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló gbé e dúró. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ní Ítálì, ẹ ò tiẹ̀ ní rí gelato wọn sójú, inú agolo irin tó ní ìdérí ló wà, pozzetti ni wọ́n ń pè é, orúkọ nìkan ni ẹ óò kà lára pátákó.

Mo wá wo pistachio wọn, èyí tí wọ́n fi èso kan bí ẹ̀pà ṣe. Gríìnì! Gríìnì bíi jẹ́sì Super Eagles. Pistachio tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú wàrà kì í rí báyẹn láé, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀, kò pupa kò tutù, bí ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí tó ti sùn mọ́jú nínú ìkòkò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn náà yẹ́lò bíi dánfó, ṣebí gbogbo wa la ti bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, ta ló rí inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó rí bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n bá tiẹ̀ gún un ńṣe ló máa ń dúdú.

Mo tọ́ ọ wò ṣá. Òórùn almond inú ìgò ló kọ́kọ́ kan imú mi, lẹ́yìn ìyẹn ṣúgà, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀rá kan tó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi tí omi ò lè ṣí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní "Àǹtí, it's so nice!" Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kò mọ ohun tí mo ń bá jà. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ tirẹ̀ tán, ó ní "Ṣé èyí náà kì í ṣe gelato ni?" mo ní rárá mà, ó ní ó dáa, owó ẹ̀ ni kó o san. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà lẹ́ẹ̀kan, mo pinnu pé mi ò ní ṣírò nǹkan kan sí náírà mọ́ títí n ó fi kúrò nílùú yìí.

Bàbá kan ló gba ọjọ́ náà là. A ti jáde sí Orchard Road, òòrùn ń ta èèyàn, bàbá náà dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn ńlá, áísìkiriìmù rẹ̀ wà nínú páálí bíi búlọ́ọ̀kù. Tẹ́ ẹ bá ti sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, á fa páálí yọ, á mú ọ̀bẹ, á gé e bí ẹní gé búrẹ́dì, á ki í sáàárín wáfà méjì. Tàbí sínú búrẹ́dì gan-an! Búrẹ́dì funfun rírọ̀ tí wọ́n fi pupa àti gríìnì kùn nínú, á gbé áísìkiriìmù sórí ẹ̀, á ká a bọ inú bébà, á nà án sí yín. Nǹkan bíi dọ́là Singapore méjì. Mo mú ti ìṣu, ẹ̀gbọ́n mi mú ti àgbàdo. Ọmọ náà ń pè é ní "Uncle", ẹ̀gbọ́n mi náà ń pè é ní "Uncle", èmi náà bá wọn pè é, mo wá rí i pé gbogbo ìlú yìí ni wọ́n ti ń pe àgbà ní Uncle àti Auntie, yálà ó bá wọn tan o, yálà kò bá wọn tan. Ó mú mi rántí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ta FanYogo nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá ti gbọ́ fèrè wọn ńkọ́, a ó ti já sójú títì.

Kì í ṣe gelato o. Kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mọ́ńdè

Òjò. Mo sùn di aago méjìlá torí ara mi ṣì wà ní Lagos. Nírọ̀lẹ́ a lọ sí Tekka ní Little India, ẹ̀gbọ́n mi ra ẹran ewúrẹ́, ó bá àwọn tó ń tà á nájà bíi pé Mushin ló wà, wọ́n sì dín in fún un. Kò sí gelato.

Túsìdé

Èyí ni ọjọ́ tí mo wá fún.

Katong wà lápá ìlà oòrùn ìlú, àdúgbò àwọn Peranakan látijọ́, ìyẹn àwọn ọmọ Ṣáínà tó ti bá àwọn Malay dàpọ̀ tipẹ́, àwọn ilé wọn ní Koon Seng Road ní àwọ̀ oríṣiríṣi, àwọ̀ pínńkì, búlúù, gríìnì, pẹ̀lú òdòdó amọ̀ lára ògiri, gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò níbẹ̀, àwa náà yà. Láti Woodlands, ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló gbé wa lọ sí Marine Parade, ní 2024 ni wọ́n ṣí àwọn ibùdókọ̀ apá ibẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní kó tó dìgbà náà bọ́ọ̀sì ni kéèyàn máa wọ̀ kiri. A wá fi ẹsẹ̀ rìn dé East Coast Road.

Birds of Paradise ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Katong yìí, ó ti ní ẹ̀ka káàkiri báyìí. Èèyàn ti tò jáde síta ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Túsìdé, ẹ̀gbọ́n mi rí láìnì náà, ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó débi ilẹ̀kùn ni nǹkan kan ti kan imú wa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa.

Ó ní, "Ta ló ń se jọ̀lọ́ọ̀fù?"

Táìmù ni! Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń yan kóònù wọn, wọ́n sì ń fi táìmù sí i, táìmù yìí kan náà tí à ń dà sí ìrẹsì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a dúró sójú títì ní Katong, òórùn ilé ìyá wa ń jáde látinú ṣọ́ọ̀bù gelato. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ láìnì mọ́.

Nígbà tó kàn wá, mo bi ọmọbìnrin tó ń tà bóyá a lè tọ́ wò, ó ní "Can!" bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ níbí, kò sí yes kò sí ẹ jọ̀ọ́. Mo tọ́ òdòdó chrysanthemum funfun wò, wọ́n fọ́ èso kòkó wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Àwọn ará ibí ń mu òdòdó náà bí tíì, inú páálí ló máa ń wà ní ilé oúnjẹ gbogbo. Nínú gelato kì í pariwo, wàrà ló kọ́kọ́ wá, ó tutù, ó mọ́, ẹ óò ti gbé e mì kí òórùn òdòdó náà tó yọ látẹ̀yìn bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn rọra, lẹ́yìn náà eyín yín á wá pàdé èso kòkó, kíkorò rẹ̀ á gé adùn yẹn. Kò lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Mo dákẹ́. Mo tún tọ́ ọ wò.

Ohun tí mo ti ń gbìyànjú láti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi látinú takisí nìyẹn. Àwọn Amẹ́ríkà, òfin wọn ní ọ̀rá wàrà inú áísìkiriìmù kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 10 nínú 100, ṣùgbọ́n gelato, wàrà ló pọ̀ nínú ẹ̀ ju kírímù lọ, ọ̀rá rẹ̀ lè jẹ́ 4 sí 8 péré. Ọ̀rá máa ń bo ahọ́n, tí kò bá pọ̀, ohun tí wọ́n fi sí i ni ẹ óò tètè gbọ́. Afẹ́fẹ́ náà kò pọ̀. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń po ẹ̀wà àkàrà tó fi máa ń wú, afẹ́fẹ́ là ń pò mọ́ ọn yẹn, áísìkiriìmù náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ á pò ó títí ìlàjì ike á fi di afẹ́fẹ́, ẹ rò pé ẹ ra nǹkan. Ẹ̀rọ gelato kì í sáré, ó ń yí i jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn ló fi máa ń wúwo lórí ṣíbí.

Mo gba chrysanthemum nínú kóònù, ẹ̀gbọ́n mi gba pandan. Pandan jẹ́ ewé gígùn kan tí wọ́n ń sè mọ́ ìrẹsì àgbọn níbí, òórùn rẹ̀ ò ṣeé júwe, àfi kí n sọ pé bí ewé eéran ṣe máa ń wọ inú ọ̀fadà lọ, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé ọ̀fadà sínú abọ́ lásán ẹ óò mọ̀ pé nǹkan kan kù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni pandan rí fún wọn. Owó ẹ̀ lé ní dọ́là márùn-ún ẹyọ kan, kóònù lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lábẹ́ éè sí, ó jẹ tirẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó sì jẹ kóònù náà dé ṣóńṣó, èyí tí mi ò rí kó ṣe rí, ẹni tó jẹ́ pé ó máa ń ju ìdí kóònù nù látìgbà tó ti wà ní ṣúkúù.

Wàhálà wá dé nígbà tá a ń padà lọ. Ọmọ ní òun fẹ́ mú ọ̀kan dání, ti stróbẹ́rì àti basil, nínú ike kékeré tí kò ní ìdérí. A dé ibùdókọ̀, pátákó wà lójú wa: kò sí jíjẹ kò sí mímu, fáìnì dọ́là 500. Durian, èso wọn tó ń rùn yẹn, náà wà lára pátákó, ìyẹn kò tiẹ̀ gbọdọ̀ wọlé rárá. Ìyá rẹ̀ ní gbígbé dání kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, jíjẹ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la wọlé. Ó sún mọ́ wákàtí kan ká tó dé Woodlands, gelato kì í sì dúró de ẹnikẹ́ni. A ò tíì dé Orchard tó ti ń yọ́, ó dé etí ike, ó sun sí ọmọ náà ní àtàǹpàkò, ọmọ ń wò ó, ìyá rẹ̀ ń wo ọmọ.

"Má lá a o."

"Mummy, it's dripping."

"Mo ní má lá a. Five hundred dollars! Ṣé bàbá ẹ fẹ́ san án?"

Ó ti sun dé ọrùn ọwọ́. Mama kan tó jókòó lódì kejì ṣí báàgì rẹ̀, ó fa tíṣù kan yọ, ó nà án sí wa láìsọ̀rọ̀, ẹ̀rín ń pa á. Nígbà tá a jáde ní Woodlands, ọmọ náà dúró lẹ́yìn géètì gan-an, ó gbé ike náà sókè, ó mu ún gbẹ bí ẹni mu ògì.

Wẹ́sìdé àti Tọ́sìdé

Mo pa méjèèjì pọ̀ torí mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Durian ni mo jẹ lọ́jọ́ náà, èso gan-an, wọ́n là á lójú mi, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi lọ, ó ní ká jẹ ẹ́ níta torí ìyàwó òun kò gbà á nílé. Gbogbo èèyàn ló ti fi òórùn rẹ̀ dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jẹ irú wòóró láti kékeré, kí ló tún kù? Ó dà bíi kọ́sítádì tí ẹnì kan gbàgbé àlùbọ́sà sí nítòsí. Mo jẹ ẹyọ mẹ́ta, Bùrọ̀dá kí mi kú iṣẹ́.

Tọ́sìdé, ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ ilé ìjọba tó ga fíofío, kò jìnnà sí ilé wọn, kò sí Ítálì kankan lára ògiri. Irú wọn pọ̀ ní àwọn àdúgbò ibí, wọ́n máa ń ṣí di alẹ́, wọ́n ń yan wáfùlù gbígbóná, wọ́n á gbé gelato lé e, àwọn ọmọ ilé ìwé á tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní tábìlì, wọ́n á máa kàwé. Ọmọkùnrin kan ló dá wà níbẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó ní fior di latte, ojú ẹ̀ là. Wàrà, kírímù, ṣúgà, ó tán, kò sí fànílà, kò sí ẹyin, bí ẹni tó ṣe é kò bá mọ̀ ọ́n ṣe kò síbi tó lè fara pamọ́ sí. Tiẹ̀ dán, ó rọ̀, iyọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ bí mi ò bá ṣìnà. Mo wá tọ́ pistachio rẹ̀ wò. Àwọ̀ ẹ̀gúsí ọjọ́ kejì! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Kí n má purọ́, pistachio yẹn dáa, ó dáa gan-an, ti Bologna gan-an lè fojú jọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, chrysanthemum ni mò ń rò. Pistachio, mo lè wọ bàálù lọ sí Ítálì lọ jẹ ẹ́, ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín ní Bronte, ní Sicily, wọ́n á lọ̀ ọ́ wọ́n á fi ṣe é. Ta ló máa fún mi ní chrysanthemum níbẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú agbálùmọ̀ ní wàràǹwàrà, wàrà rẹ̀, kíkan rẹ̀, bóyá kéèyàn fi omi rẹ̀ ṣe sorbetto ni kó má fi mílíìkì sí i rárá, torí kíkan yẹn á dì í, mo jí ẹ̀gbọ́n mi láti bi í. Ẹ ò fẹ́ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn.

Fúráìdè

Bàálù mi jẹ́ alẹ́. A tètè dé Changi torí ọmọ fẹ́ wo omi Jewel, mọ́ọ̀lù ńlá tó wà ní pápákọ̀ náà, omi tó ń já bọ́ láti òkè ilé náà, mítà 40, igbó yí i ká nínú ilé. Mo dúró wò ó dáadáa. Nígbà tí mo yíjú, ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó padà dé pẹ̀lú báàgì bébà. Birds of Paradise ní ẹ̀ka níbẹ̀, ó ti lọ ra odindi ike pandan kan, èyí tó ní ìdérí, ó ní kí n gbé e lọ fún àwọn ará ilé. Mo wò ó. Mo ní Sista mi, ẹ ṣé gan-an, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kó kọjá, ó ju mìlílítà 100 lọ, olómi ni wọ́n ń kà á sí, àti pé Ìkẹjà, wákàtí mélòó, kí ló máa kù níbẹ̀.

Ó ní, "Olómi kẹ̀? Gelato?"

A jókòó síwájú omi náà, a ṣí i. Ṣíbí pákó méjì ni wọ́n fún un, ọmọ gba ọ̀kan, èmi àtìyá rẹ̀ ń gba èkejì mọ́ ara wa lọ́wọ́. A jẹ ẹ́ kọjá ìlàjì, inú mi ti ń tutù, wọ́n ti ń pe ọkọ̀ òfuurufú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ìyókù sílẹ̀ kí n máa lọ, pé bàálù kì í ṣe dánfó, kò ní dúró dè mí. Ó gbàdúrà fún mi, mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tù wò lọ. Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè juwọ́ sí wọn, ọmọ ló rí mi, òun ló ń juwọ́. Ìyá rẹ̀ ti tẹ ike náà dà, ó ń fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀.